Bí A Ṣe Lè Fi Tíránsífọ́mà Ògbólógbòó Máíkírówéèfù Ṣe Ẹ̀rọ Apèsè-Iná

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìlapa Èrò
1. Ìfáàrà: ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí wá.
2. Ibi tí a ti ń rí tíránsífọ́mà náà, àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.
3. Ewu tí ó wà níbẹ̀.
4. Yíyọ kọ́ìlì àtijọ́ àti wíwé tuntun.
5. Dídán an wò, àti àwọn ohun tí ó kù tí a ó so mọ́ ọn.
6. Ìkádìí: èrè iṣẹ́ náà àti ààlà rẹ̀.

Àròkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò sí iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu tó èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí, nítorí pé nínú iṣẹ́ náà, ohun tí ó wúlò àti ohun tí ó lè pa ènìyàn jọ ń gbé inú àpótí kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó bá mọ èyí tí ó yẹ kí ó gé dànù àti èyí tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀ ni yóò jèrè rẹ̀.

Bí o bá gba Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìwọ yóò pàdé àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Fáànù tí kò yí mọ́, ayọ́nù tí ó ti jó, fìríìjì tí ó ti kú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó. Ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrù wọ̀nyí ni ó jẹ́ tòkúnbọ̀ tí ó gba èbúté Èkó wọlé. Àwọn olùwádìí tí wọ́n ka ẹrù náà ní èbúté ní 2015 àti 2016 rí i pé ẹ̀rọ iná àlòkù tí ó ń wọ Nàìjíríà lọ́dọọdún tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù, àti pé apá kan nínú wọn ti kú kí wọ́n tó dé rárá. Láàárín àwọn òkú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni máíkírówéèfù wà, ìyẹn ààrò oníná tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná.

Ní ọwọ́ kejì, ọ̀rọ̀ iná kò tíì tán nílẹ̀ wa. Ní 1972 ni ìjọba pa àjọ iná mànàmáná méjì pọ̀ di NEPA. Ní 2005 ó di PHCN. Ní 2013 ìjọba pín in fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, bí iná bá lọ lónìí, ohun tí ìwọ yóò gbọ́ lẹ́nu ọmọdé àti àgbà kò yí padà: “NEPA ti mú iná lọ!” Nítorí náà ni àwọn tí ń tún rédíò ṣe, àwọn tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, àti àwọn tí ń fi bátìrì tan iná nílé fi ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa pèsè iná fóltì díẹ̀, tí ó sì dúró ṣinṣin. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń wé kọ́ìlì lè fi ohun tí ó rà lọ́wọ́ oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ṣe tirẹ̀.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú máíkírówéèfù. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Percy Spencer, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Raytheon, ni ó ṣe àwárí rẹ̀ ní 1945. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédà ni ó ń ṣe nígbà náà. Nígbà tí ó di 1947, wọ́n ti ń ta ààrò náà. Ohun tí ń sọ iná di ìgbì gbígbóná nínú rẹ̀ ni magnetron. Nǹkan bí 4,000 fóltì ni magnetron ń fẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ 230 fóltì péré ni iná ilé wa. Tíránsífọ́mà ni ó ń gbé 230 yìí sókè dé 2,000 fóltì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni kàpásítọ̀ àti dáyóòdù yóò wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Báwo ni tíránsífọ́mà ṣe ń ṣe èyí? Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní 1831. A ó to irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lé ara wọn, a ó wé waya mọ́ ọn lọ́nà méjì. Ọ̀kan ni kọ́ìlì ìwọlé, ìyẹn ni iná ilé ń gbà wọ̀. Èkejì ni kọ́ìlì ìjáde. Waya méjèèjì kò fara kan ara wọn rárá. Bí iná bá wọ kọ́ìlì àkọ́kọ́, irin náà yóò di òòfà. Òòfà náà yóò sì jí iná dìde nínú kọ́ìlì kejì. Fóltì mélòó ni yóò jáde? Iye ìgbà tí a wé waya ni yóò sọ. Bí kọ́ìlì ìjáde bá ní ìlọ́po mẹ́wàá iye ìwé tí ó wà nínú kọ́ìlì ìwọlé, fóltì rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ ìdákan nínú mẹ́wàá, fóltì náà yóò dín kù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Gbogbo àṣírí iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ. Tíránsífọ́mà máíkírówéèfù ń pani nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé waya tín-ínrín ni ó wà lára kọ́ìlì ìjáde rẹ̀. Bí a bá gé ìyẹn dànù, tí a wé waya nínípọn ní ìgbà díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, apànìyàn yóò di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa. Fóltì 2,000 tí ń jáde lára tíránsífọ́mà yìí yàtọ̀ sí iná ilé tí ó máa ń gbọn ni lọ́wọ́ dànù nígbà mìíràn. Ipá rẹ̀ pọ̀, ìṣàn rẹ̀ náà sì pọ̀. Ẹni tí ó bá gbá mú kì í sábà rí ìgbà kejì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń lo tíránsífọ́mà yìí, láì yọ kọ́ìlì àtijọ́ rẹ̀, láti fi iná ya ọnà sára pákó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bá a lọ, tí ó fi jẹ́ pé ní 2017 ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́gilére tí ń fi ẹ̀rọ yí igi ní orílẹ̀-èdè náà fi òfin de iṣẹ́ ọnà ọ̀hún níbi gbogbo ìpàdé wọn. Nítorí náà, má ṣe ki kọ́ìlì àtijọ́ yìí mọ́ iná láéláé, ìbáà ṣe láti dán an wò.

Ewu kejì ni kàpásítọ̀. Ohun róbótó tí a fi páànù bò ni. Ó lè di iná mú sínú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a ti yọ máíkírówéèfù kúrò lára iná, bí ìkòkò tí ó ṣì gbóná lẹ́yìn tí a ti kó iná kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó bá ọ tú iná inú rẹ̀ dànù kí o tó kó ọwọ́ wọ ibẹ̀. Ewu kẹta ni magnetron fúnra rẹ̀. Lára àwọn kan ni amọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ òṣùpá kan wà tí erukú rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Má ṣe fọ́ ọ. Yọ ọ́ lódidi, kí o gbé e sí apá kan. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ yìí ṣe. Jẹ́ kí olùkọ́ rẹ tàbí oníṣẹ́ iná tí ó dáńtọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí o bá ti gbọ́ ìyẹn, jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ́kọ́ ka àkọlé tí ó wà lẹ́yìn máíkírówéèfù náà. Bí ó bá jẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, 230 tàbí 240 fóltì ni ìwọ yóò bá níbẹ̀, ó sì bá iná wa mu. Bí ó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ni, 120 fóltì ni. Bí o bá kì í mọ́ iná ilé wa tààrà, kọ́ìlì ìwọlé yóò jó láàárín ìgbà díẹ̀. Fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn máíkírówéèfù tuntun kan fúyẹ́ nítorí pé wọn kò ní irú tíránsífọ́mà ńlá yìí nínú rárá. Èyí tí ó wúwo ni kí o wá.

Lára tíránsífọ́mà náà, ìwọ yóò rí kọ́ìlì méjì tí ó hàn gbangba. Èyí tí waya rẹ̀ nípọn, tí ó ní ẹnu méjì tí a fi ń so iná, ni kọ́ìlì ìwọlé. Èyí tí waya rẹ̀ tín-ínrín bí irun, tí a jó ẹnu rẹ̀ kan mọ́ irin àárín, ni kọ́ìlì ìjáde. Waya mìíràn tún wà tí a kàn wé ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Òun ni ó ń gbé magnetron gbóná. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké méjì sì wà tí a kì sáàárín kọ́ìlì méjèèjì, iṣẹ́ wọn ni láti ká iná lọ́wọ́ kò kí ó má baà ṣàn jù. Kọ́ìlì ìwọlé nìkan ni a fẹ́. Gbogbo ìyókù yóò kúrò.

Mú ayùn irin, kí o fi páálí líle bo kọ́ìlì ìwọlé. Gé kọ́ìlì ìjáde ní ọ̀gbọọgba irin ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà, fi igi líle àti òòlù gbá ohun tí ó kù sínú ihò irin náà jáde díẹ̀díẹ̀. Gbá irin pẹlẹbẹ méjì nnì jáde pẹ̀lú. Má kánjú. Bí ayùn bá ha kọ́ìlì ìwọlé lára, tí awọ vánìṣì rẹ̀ bó, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Padà lọ wá òmíràn. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Nígbà tí o bá parí, nu ihò náà mọ́, kí o fi páálí tẹ́ ẹ yíká kí etí irin má baà gé awọ waya tuntun.

Báyìí ni a dé orí ìṣirò. Má ṣe gbà á gbọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé báyìí báyìí ni kí o wé e. Tíránsífọ́mà ni kí o bi léèrè. Mú waya kékeré tí ó ní ike lára, wé e ní ìgbà 10 gba inú ihò náà, kí o ki kọ́ìlì ìwọlé mọ́ iná, kí o sì fi mítà wọn ohun tí ó ń jáde. Ká ní mítà sọ pé 9.6 fóltì ni. Èyí fi hàn pé ìwé kan ń mú 0.96 fóltì wá. Nínú ọ̀pọ̀ irú tíránsífọ́mà yìí, iye náà kì í jìnnà sí fóltì kan sí ìwé kan. Bí o bá ń fẹ́ fóltì 15, fi 0.96 pín 15. Ìwọ yóò rí 15.6. A kò lè wé ìdajì, nítorí náà wé e ní ìgbà 16. Ìyẹn yóò fún ọ ní nǹkan bí 15.4 fóltì.

Waya wo ni kí o lò? Bí iná tí o fẹ́ fà bá ṣe pọ̀ tó ni waya yóò ṣe nípọn tó. Waya tí àwọn oníṣòwò ń pè ní 4mm, irú èyí tí a fi ń fa iná sí ẹ̀rọ amúlétutù, yóò tó, yóò sì ṣẹ́kù. Fà á le, tò ó létòlétò, má jẹ́ kí ìwé kan gun òmíràn lórí láìnídìí. Máa kà á sókè bí o ti ń wé e. Bí ẹnìkan bá kí ọ láàárín ìwé kẹjọ àti ìkẹsàn-án, kọ nọ́ḿbà sílẹ̀ kí o tó dá a lóhùn. Àgbà tí ó bá mọ iṣẹ́ kò ní pè ọ́ ní aláfojúdi. Bí o bá ṣi kíkà, gbogbo ìṣirò rẹ ti di asán.

Ó wá ku kí a dán an wò. Má ṣe kì í mọ́ iná tààrà ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí. So bọ́ọ̀bù 200 wáàtì kan sójú ọ̀nà iná tí ń wọlé, kí iná kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí bọ́ọ̀bù náà bá ràn díẹ̀, ó dára. Bí ó bá tàn yanranyanran bí ẹni pé òun nìkan ni a so mọ́ iná, waya kan ti kan waya níbì kan. Yọ iná kíákíá, kí o wá ibi tí ó wà. Lẹ́yìn èyí, so irin tíránsífọ́mà mọ́ waya ilẹ̀, kí o sì fi fíúùsì sójú ọ̀nà ìwọlé àti ti ìjáde. Ẹ̀rọ tí kò ní fíúùsì dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.

Iná tí ó ń jáde báyìí ṣì ń lọ, ó ń bọ̀, bíi ti inú ilé. Rédíò ọkọ̀ àti bátìrì kò fẹ́ irú rẹ̀. Èyí tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́. Dáyóòdù mẹ́rin tí a dì pọ̀ sínú páálí irin kan ni yóò ṣe ìyẹn, kàpásítọ̀ ńlá tí ó lè gba 35 fóltì ni yóò sì mú un tẹ́jú. Bí iná bá gba ibí yìí kọjá, 15.4 fóltì rẹ yóò ti di ohun tí ó ju 20 lọ díẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹrù lórí rẹ̀. Má jẹ́ kí ìyẹn yà ọ́ lẹ́nu. Téńté ìgbì iná ni kàpásítọ̀ ń dì mú. Ṣùgbọ́n má ṣe so rédíò mọ́ 20 fóltì. Régúlétọ̀ ni yóò mú un wá sí ìwọ̀n. Èyí tí a ń pè ní LM338 lè gbé áḿpíà 5, o sì lè yí i títí yóò fi dúró lórí 13.8 fóltì, tí ó tó rédíò ọkọ̀, tí ó sì tó láti máa tọ́jú bátìrì fóltì 12. Kàn án mọ́ páànù alumíníọ̀mù ńlá, nítorí ooru rẹ̀ pọ̀. Fáànù kékeré tí ó wà nínú máíkírówéèfù náà tẹ́lẹ̀ ni kí o fi máa fẹ́ atẹ́gùn sí i àti sí tíránsífọ́mà.

Ìdí tí a fi wé e dé 15 fóltì dípò 12 nìyí: iná àdúgbò wa kì í dúró sójú kan. Ká ní 230 fóltì já wálẹ̀ di 180 ní alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń fa iná. Fóltì 15.4 rẹ yóò já wá sí 12. Síbẹ̀, lẹ́yìn dáyóòdù àti kàpásítọ̀, yóò ṣì kù tó bí 15 fún régúlétọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí yóò jáde lè má tó 13.8 mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé 12 ni a wé ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí yóò jáde ìbá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Bákan náà, bí NEPA bá mú iná lọ lójijì nígbà tí bátìrì wà lórí rẹ̀, iná bátìrì yóò fẹ́ padà sẹ́yìn wọ inú régúlétọ̀. Fi dáyóòdù kan dí ọ̀nà náà. Ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀rọ fún Ìsọlọ̀ gbọ́dọ̀ fi iná Ìsọlọ̀ sọ́kàn.

A kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀rọ yìí kò ní àléébù. Wọn kò ṣe tíránsífọ́mà máíkírówéèfù láti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tí ó ṣe é sì ṣọ́ irin àti waya lò. Nítorí náà, ó máa ń kùn, ó máa ń gbóná bí kò tilẹ̀ gbé ẹrù kankan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, yọ ọ́ kúrò lára iná, kí o fọwọ́ kan irin rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró níbẹ̀ títí o ó fi ka ení dé àrún, ooru ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí ó sinmi, kí o sì fi kún atẹ́gùn rẹ̀. Má ṣe fi í sílẹ̀ lórí iná nígbà tí o bá ń sùn tàbí nígbà tí o bá jáde nílé.

Ní ìparí, ìwọ ọ̀rẹ́ mi, wo ohun tí a fi ìdọ̀tí ṣe. Oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ìbá ti fi ìwúwo irin àti waya nìkan díye lé e. Nísinsìnyí, ó ń tọ́jú bátìrì, ó sì ń jẹ́ kí oníṣẹ́ rédíò rí owó oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Irin kan náà ni. Iná kan náà ni ń wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ kò ju iye ìgbà tí a wé waya lọ. Pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, ó jẹ́ ikú. Pẹ̀lú ìwé 16, ó jẹ́ ìránṣẹ́. Nítorí náà, kà á dáadáa, má kánjú, má sì ṣe dá a ṣe. Ọmọ tí ó bá fara balẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni yóò dàgbà láti fi í kọ́ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
1. Nínú ìpínrọ̀ kan, ṣàlàyé ìdí tí òǹkọ̀wé fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ewu kí ó tó sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà.
2. Bí ìwé 10 bá mú 8 fóltì wá, ìwé mélòó ni yóò mú 12 fóltì wá? Fi gbólóhùn Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò rẹ.
3. Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Bí a ṣe ń tún fáànù tí kò yí mọ́ ṣe. (b) Bí a ṣe ń tọ́jú bátìrì ọkọ̀. (ẹ) Iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò mi.